Bí A Ṣe Ń Fi Atọ́ka Ìwé Ìjọ Wá Àwọn Ọmọ Baba Ńlá Ẹni ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ọdún 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ kò forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ títí di oṣù keje ọdún 1837. Ẹni tó bá ń wá àwọn ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ bí ṣáájú ìgbà náà, ìwé ìsàmì ni yóò gbára lé, atọ́ka orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti FreeREG àti FamilySearch tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni yóò sì fi mọ ìwé tó yẹ kó ṣí.

Orúkọ òbí ni a fi ń wá ọmọ. A kò ní kọ nǹkan kan sí àyè orúkọ ọmọ; orúkọ ìdílé, orúkọ baba àti ti ìyá ni a óò kọ, a óò sì wá a láti ọdún ìgbéyàwó wọn títí di nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn rẹ̀. Ó dunni pé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà sọ orúkọ ìdílé tí ìyá ti wá. Kódà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò láti ọdún 1813, tó ń gba ọmọ mẹ́jọ lójú ewé kan, kò ní àyè fún un. Bí John àti Mary Clark bá jẹ́ tọkọtaya méjì lábúlé kan náà, ibùgbé àti iṣẹ́ baba tí fọ́ọ̀mù yẹn béèrè ni a fi ń mọ ọmọ alágbẹ̀dẹ yàtọ̀ sí ọmọ aránbàtà. Ní Skọ́tíláńdì, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ.

Bí akọ̀wé ṣe gbọ́ orúkọ ló ń kọ ọ́, nítorí náà Cl*rk* ni kí a tẹ̀ (àmì * dúró fún lẹ́tà yòówù, tàbí àìsí lẹ́tà rárá), kí Clark, Clarke àti Clerk lè jáde pọ̀. Bí William méjì bá jáde fún òbí kan náà, kí a yẹ ìwé ìsìnkú wò, nítorí wọ́n a máa fi orúkọ ọmọ tó kú sọ àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ ló ń ṣini lọ́nà jù. Ṣáájú ọdún 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sàmì fún ní oṣù kejì ọdún 1720, tí òbí rẹ̀ ṣègbéyàwó ní oṣù karùn-ún ọdún 1720, kì í ṣe ọmọ àìtíì-gbéyàwó: oṣù kejì ọdún 1721 tiwa ni, oṣù mẹ́sàn-án gééré lẹ́yìn ìgbéyàwó.