Ọ̀bẹ tó ń ṣọ́ ọpọlọ

Àṣìrò kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ní kété tí microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ, bá ti fura sí ewu ni ìwúlé ti dé, ìyẹn gbígbóná àti wíwú tí ara fi ń bá ewu jà. Ìfura nìkan kò tó. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá fura, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe interleukin-1 beta, purotéènì tó ń ké pe ìwúlé, ṣùgbọ́n odindi tí kò tíì lè jẹ́ iṣẹ́ kankan ló máa ń ṣe pamọ́. Ẹ̀nsáìmù tó ń jẹ́ caspase-1 ló gbọ́dọ̀ gé e, ọ̀bẹ tí òun alára kò sì mú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nìyí. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni caspase-1 tó dá wà kò lè sọ ara rẹ̀ di mímú. Nígbà tí àmì ewu kejì bá dé, bíi kí potásíọ̀mù máa tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, NLRP3, purotéènì tó ń mọ̀ pé ewu wà nínú sẹ́ẹ̀lì, á kóra jọ, purotéènì ASC á so mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á sì di òkìtì kan ṣoṣo tí a lè fi maikirosíkóòpù rí. Orí òkìtì yìí ni àwọn caspase-1 ti ń fara kanra, tí wọ́n sì ń gé ara wọn títí wọ́n á fi mú. Lẹ́yìn náà, interleukin-1 beta tó tó kilodalton 31 (òṣùwọ̀n ìwúwo purotéènì) á di 17. Ọ̀bẹ kan náà á gé purotéènì mìíràn, gasdermin D, sí méjì, apá kan rẹ̀ á sì lu ihò sára awọ sẹ́ẹ̀lì, kí interleukin náà lè rí ọ̀nà jáde.

Ọgbọ́n ńlá ni pé ẹ̀rí méjì gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀bẹ tó jáde, nítorí nẹ́úrọ́ọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé ìsọfúnni, tó bá kú, agbára káká ni ara fi ń rí àfirọ́pò rẹ̀. Àléébù rẹ̀ hàn nínú àìsàn Alzheimer, àìsàn tó ń ba ìrántí jẹ́, níbi tí microglia kì í ti í lè gbé amyloid-beta, ègé purotéènì tó ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ, mì tán, tí àmì ewu kò sì dáwọ́ dúró. Nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2013, àwọn eku tí a mú kí wọ́n ní irú àìsàn náà, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní NLRP3 tàbí caspase-1, kò pàdánù ìrántí bíi ti àwọn yòókù. Òkìtì ASC pàápàá kì í parẹ́ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó kó o jọ: tó bá bọ́ síta, amyloid-beta á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì túbọ̀ máa dì pọ̀ níbẹ̀.