Yíyan dáyámọ́ńdì tó rí bíi píà: ohun tí ìwé ẹ̀rí kì í sọ

Tí èèyàn bá dárúkọ píà ní ọjà Bódìjà, èso tí wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì ni gbogbo ayé máa rò. Kò burú, ìrísí kan náà ni: ìdí rẹ̀ rí róbótó, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń sún mọ́ra títí wọ́n fi pàdé ní ṣóńṣó. Àwọn mìíràn ń pe irú dáyámọ́ńdì bẹ́ẹ̀ ní olómijé. Ó máa ń jẹ́ kí ìka gùn lójú. Èyí tó wọn kárátì 1 (kárátì ni wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye) máa ń gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 8.5, á sì fẹ̀ tó 5.5, nígbà tí òkúta róbótó oníkárátì 1 kò ju nǹkan bíi 6.5 lọ láti etí dé etí. Ṣùgbọ́n píà wà lára àwọn ìrísí tó rọrùn láti gé bà jẹ́, ìwé tó ń bá a rìn kì í sì í sọ ọ́.

Ìwé ẹ̀rí GIA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, tí àwọn oníṣòwò òkúta gbára lé gan-an, máa ń sọ ìwọ̀n òkúta, àwọ̀ rẹ̀, bí inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó, bí wọ́n ṣe dán ojú rẹ̀ tó, àti bí ìhà kan ṣe bá ìkejì dọ́gba tó. Lórí òkúta róbótó, wọ́n á tún fún gígé rẹ̀ ní máàkì. Wọn kì í fún píà. Nítorí náà, tí ọlọ́jà bá ní «ó gba Excellent méjì», dídán àti ìdọ́gba ló ń sọ. Òkúta lè gba méjèèjì kó tún dúdú láàárín bí ìdí ìkòkò.

Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé e. Surat ní Íńdíà ni wọ́n ti ń gé èyí tó pọ̀ jù nínú dáyámọ́ńdì ayé, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń dá owó lé e. Kárátì 1 kò ju gíráàmù 0.2 lọ, síbẹ̀ òkúta tó wọn 1.00 máa ń fi owó tó jọjú ju èyí tó wọn 0.95 lọ, bí ojú ò tiẹ̀ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tí agékùúta bá rí i pé gígé tó dára máa sọ 1.02 òun di 0.94, á fi èjìká òkúta sílẹ̀ kó wú síta, tàbí kó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, tàbí kó jẹ́ kí ìgbànú rẹ̀ nípọn, ìyẹn etí tó yí òkúta ká níbi tí apá òkè ti pàdé apá ìsàlẹ̀. Ẹni tó rà á ló máa sanwó ìwọ̀n tí ojú kò rí. Èyí tó pọ̀ nínú àbùkù píà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìrísí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ mú gígùn àti fífẹ̀ tó wà lórí ìwé, kí ẹ fi fífẹ̀ pín gígùn: 8.50 tí a fi 5.50 pín jẹ́ 1.55. Láàárín 1.45 sí 1.75 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Tó bá wá sílẹ̀ sí 1.35, á rí kúkúrú, á sanra. Tó bá kọjá 1.80, á tín-ínrín. Ìyẹn jẹ́ ti ìfẹ́ inú ẹni, àwọn kan sì fẹ́ èyí tó gùn dáadáa fún ẹ̀gbà ọrùn. Ìdọ́gba kì í ṣe ti ìfẹ́ inú. Ẹ fi fóònù ya òkúta náà láti òkè gangan, kí fóònù má fì sí ẹ̀gbẹ́ kankan, kí àwọn tó ń tẹ̀wé ní Agbówó tẹ̀ ẹ́ jáde kó kún bébà. Ẹ gé àwòrán náà yí ká ní etí rẹ̀, kí ẹ ká a sí méjì láti ṣóńṣó dé àárín ìdí. Ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ bo ara wọn. Bí ọ̀kan bá yọ jáde, agékùúta ń sá fún àbùkù kan tàbí ó ń ṣọ́ ìwọ̀n. Ìdí òkúta gbọ́dọ̀ rí bí ìlàjì òbìrípo, kó má pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ láti ikùn dé ṣóńṣó gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Tó bá tọ́ gbọnrangandan, píà á di onígun mẹ́ta.

Àárín òkúta ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Òjìji dúdú kan máa ń nà níbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó fún láàárín, ó fẹ̀ lápá méjèèjì. Bótáì ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ohun tó wà nínú òkúta. Nǹkan bí ojú pẹlẹbẹ 58 ni wọ́n ń gé sára píà, iṣẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ni láti gba ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n dá a padà sókè bíi dígí. Nínú òkúta róbótó, láti ṣóńṣó ìsàlẹ̀ dé etí jìnnà bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà gbogbo ojú wọ̀nyẹn ló dà gẹ̀rẹ́ bákan náà. Píà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú òrùlé páànù kan tí òpó rẹ̀ kò sí láàárín ilé: ìhà tó kúrú á dà gẹ̀rẹ́, ìhà tó gùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Àwọn ojú tó wà ní ikùn píà ni ìhà tó kúrú yẹn. Ohun tó wà lókè wọn gangan ni wọ́n máa ń dá padà, orí ẹni tó ń wo òkúta ló sì wà níbẹ̀. Orí ló dí ìmọ́lẹ̀.

Píà tí kò ní bótáì rárá ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá ń wá irú rẹ̀ á pẹ́ lọ́jà. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bóyá ó ń rìn. Ẹ di òkúta mú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, kí ẹ rọra fì í síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà sọ́tùn-ún sósì. Nínú èyí tó dára, òjìji náà á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, ibi tó dúdú á tàn, ibi tó tàn á dúdú. Nínú èyí tí kò dára, ó dúró gbọin bí ẹ bá fì í dìrọ̀lẹ́. Ẹ sún orí kúrò lókè rẹ̀. Tó bá ṣì dúdú, kì í ṣe orí nìkan ló fà á, ìmọ́lẹ̀ ń jò gba ìsàlẹ̀ jáde.

Jíjò yẹn wọ́pọ̀ jù ní apá ṣóńṣó, níbi tí òrùlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Tí òkúta kò bá tíì wọ inú òrùka, ẹ gbé e lé orí ìwé ìròyìn, ojú rẹ̀ sókè. Bí lẹ́tà bá hàn gba inú rẹ̀, wọ́n gé ibẹ̀ pẹlẹbẹ jù. Ní ti nọ́ńbà, jíjìn tó wà láàárín ìdá 58 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ òkúta ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá, pẹ̀lú ojú pẹlẹbẹ ńlá òkè tó jẹ́ ìdá 53 sí 63 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Fún sísẹ́ èyí tí kò dára kúrò nìyẹn wúlò, kò tó fún yíyàn. Òkúta méjì tí nọ́ńbà wọn jọra lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò lè ṣeé ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Àwọn gílóòbù kéékèèké funfun tí wọ́n tò sókè káńtà, kódà gíláàsì ń dán lábẹ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé òkúta dé ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ òjìji, níbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà. Ọjọ́ tó ṣú díẹ̀ bíi ti oṣù Kẹjọ ní Ìbàdàn ló dára jù. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí òkúta kúrò lábẹ́ iná rẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ṣóńṣó gba awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, lúùpù. Lóòótọ́ kò sí òkúta mìíràn láyé tó le bíi dáyámọ́ńdì, kò sí ohun tó ń ha á bí kò ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ti ń là bí igi tí àáké bá a ní ojú ìlà. Ìkọlù kan ṣoṣo tó bá ṣe déédéé ìlà yẹn á gé ṣóńṣó sọnù. Ẹ wò bóyá ìgbànú ibẹ̀ tín-ínrín bí abẹ, tàbí bóyá ìlà sísán kan wà nítòsí. Ọlọ́jà máa ń sọ pé wúrà máa bo irú ìlà bẹ́ẹ̀. Á bò ó lójú, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ wúrà mọ́ ọn gan-an ni òkúta máa ń fọ́. Kókó dúdú kékeré tó wà ní ikùn tí ojú lásán kò rí sàn ju ìlà sísán ní ṣóńṣó lọ, bí máàkì wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọ̀ pọ́nràkùn máa ń kó jọ sí ṣóńṣó pẹ̀lú. Lẹ́tà ni ìwé ẹ̀rí fi ń sọ àwọ̀: D ni kò ní in rárá, ó sì ń pọ̀ sí i bí lẹ́tà ṣe ń lọ sí Z. Nínú wúrà funfun, G sókè sí D ló bójú mu. Nínú wúrà pupa tí àwọn ará ilé wa fẹ́ràn, I tàbí J kò ní hàn, kò sì sí ìdí láti náwó lórí èyí tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ òkúta tó ń dún píì, ooru ló ń wọ̀n. Móísánáìtì, òkúta mìíràn tó jọ dáyámọ́ńdì, máa ń yege níbẹ̀ bíi rẹ̀. Nínú lúùpù, tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà àwọn ojú ẹ̀yìn rẹ̀ á máa hàn ní méjì-méjì. Ti dáyámọ́ńdì jẹ́ ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ hù jẹ́ dáyámọ́ńdì ní tòótọ́, owó rẹ̀ ló kéré gan-an, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí ìgbànú wé ti ìwé ẹ̀rí, kí ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí orí ìkànnì GIA fúnra yín.

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ wúrà bá fẹ́ de òkúta náà mọ́ òrùka, kí ó fi èékánná wúrà tó rí bíi lẹ́tà V gbá ṣóńṣó mú, kí mẹ́rin yòókù di ikùn àti ìdí. Èékánná róbótó lásán ní ṣóńṣó kò tó. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ dáyámọ́ńdì, nítorí náà òrùka tó ń wọ kíṣìnì lójoojúmọ́ á ṣú kíákíá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ ló máa fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó gba òrùka lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹ fà á kọjá lára léèsì lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Bí òwú bá kọ́ ọ, ó ku kí alágbẹ̀dẹ fi fáìlì dán ẹnu èékánná náà. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kí ẹ fi ìka kàn án pẹ́pẹ́. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́, òkúta ń mì nínú ilé rẹ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.