Ìtàn inú ìtàn: ààlè tí Julius pa

Ìtàn inú ìtàn ni èyí tí asọ̀tàn kan bẹ̀rẹ̀, tí ẹlòmíràn já gbà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹni àkọ́kọ́ tó tún gba ọ̀rọ̀ padà nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń sáré kọjá ìtàn òde kí wọ́n lè tètè débi tó dùn. Ẹni tó bá ka Charles Chesnutt, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, báyẹn ti pàdánù ìdajì rẹ̀.

Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí Chesnutt sí ní 1858, àmọ́ Fayetteville, North Carolina, ló dàgbà sí. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ débi pé ì bá pe ara rẹ̀ ní òyìnbó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó tún ṣe akọ̀wé kóòtù, àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. (Etí yẹn hàn nínú bó ṣe kọ èdè Julius, bàbá àgbà tó ń sọ ìtàn inú, ẹ kà á sókè, ojú nìkan kò tó o.) Ní 1887, ọdún tó yege ìdánwò lọ́yà, ni ìwé ìròyìn Atlantic Monthly tẹ ìtàn rẹ̀ “The Goophered Grapevine” jáde. Ìtàn náà ló ṣíwájú nínú àwọn méje tó wà nínú ìwé rẹ̀, The Conjure Woman, ti 1899.

John, òyìnbó ará Ohio tó ń sọ ìtàn òde, fẹ́ ra ọgbà àjàrà kan ní North Carolina, torí ara ìyàwó rẹ̀, Annie, kò le. Wọ́n bá Julius lórí ìtì igi, bàbá àgbà tó ti ṣe ẹrú níbẹ̀ rí, ó ń jẹ àjàrà. Ó ní kí wọ́n má rà á, ààlè wà lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìtàn inú, èyí tí Julius sọ, ti bẹ̀rẹ̀. Olówó ẹrú san dọ́là 10 fún Aunt Peggy olóògùn pé kó pa ààlè lé àjàrà: ẹrú tó bá jẹ ẹ́ kò ní pé ọdún kan tí yóò fi kú. Henry, ẹrú tuntun, jẹ ẹ́ láìmọ̀. Ẹ̀rọ̀ tí Peggy ṣe fún un ni kó máa fi oje àjàrà ra orí rẹ̀ tó pá nígbà ìrúwé. Bí àjàrà bá ti rúwé, Henry a di ọ̀dọ́. Bí ewé bá wọ́, a hunjọ. Ni olówó rẹ̀ bá ń tà á ní dọ́là 1,500 nígbà ìrúwé, tó ń rà á padà ní pọ́ọ́kú nígbà tó bá ti gbẹ.

John gba ọ̀rọ̀ padà: ó ra ọgbà náà, ó wá rí i pé ó pẹ́ tí Julius ti ń gbé inú rẹ̀, tó sì ń rí owó gidi lórí àjàrà náà. Ìtàn yẹn gan-an ni ààlè. Inú John dùn pé òun ti mọ ọgbọ́n bàbá náà. Ẹni tí wọ́n ń tà bí irè oko ńkọ́? Ìyẹn kò kàn án. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gba èrò John bí ẹni pé ti Chesnutt ni.

Annie ni kí ẹ máa ṣọ́. Nínú “Po' Sandy”, ìtàn mìíràn nínú ìwé náà, wọ́n la Sandy, ẹrú kan tí ìyàwó rẹ̀ ti sọ di igi sí pákó, pákó náà ló sì wá di ilé ìwé kan. John fẹ́ wó o láti fi kọ́ ilé ìdáná, Annie kọ̀. Kò pẹ́ tí Julius fi tọrọ ilé náà fún ìjọ rẹ̀, Annie sì yọ̀ǹda. Iwin Sandy ńkọ́? Julius ní iwin kì í da ìsìn rú, àti pé bó bá ṣèèṣì wọlé, ìwàásù á ṣe é lóore.