Bí ṣíìpù 6502 àtijọ́ ṣe ń jí dìde nínú fóònù

Ẹni tó bá ṣe kékeré ní Mushin tàbí Ebute-Metta láyé TV game á rántí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà ṣíìpù 6502, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan láyé àtijọ́, ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn o. MOS Technology ló gbé ojúlówó ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, dọ́là 25 péré, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbà ju 100 lọ. Ní báyìí fóònù tókúnbọ̀ láti Computer Village Ìkẹjà lè ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe.

Nọ́ńbà nìkan ni 6502 gbọ́, torí ẹ̀ ni assembler ṣe wà, òun ni ògbufọ̀. Èèyàn á kọ LDA #5, ìyẹn ni pé kó gbé 5 sínú àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní A, assembler á sọ ọ́ di A9 05 (nọ́ńbà náà ni A9, ìkà onímẹ́rìndínlógún ni, tó ń fi A dé F kún 0 dé 9). ADC #3, kó ro 3 mọ́ ọn, ó di 69 03. STA $0200, kó lọ gbé èsì sí ojúlé 0200 nínú mẹ́mórì, ó di 8D 00 02 (wọn ò ṣì í kọ, ìdajì ẹ̀yìn ló máa ń ṣáájú). 5 àti 3, 8 náà ni àbí? Ó lè di 9 o! ADC máa ń ro carry mọ́ ọn, ìyẹn 1 tí ìṣirò tó ṣáájú lè fi sílẹ̀, àfi téèyàn bá kọ CLC ṣáájú láti nù ún kúrò. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń họ orí.

Emulator ní tiẹ̀, prógíráàmù tó ń ṣe bíi ṣíìpù ni. Ó láwọn àpò A, X, Y tiẹ̀, ó ní ojúlé 65,536, ó tún ní PC (program counter) tó ń rántí ibi tí wọ́n kà á dé. Á mú nọ́ńbà kan, á wo ohun tó ní kí wọ́n ṣe, á ṣe é, á sún síwájú bíi kọ̀ńdọ́ danfo tó ń gbowó láti sít kan bọ́ sí ìkejì, ó parí.

Wàhálà ẹ̀ ni àsìkò. LDA #5 ń gba ìdún aago 2, STA yẹn 4, fóònù sì yára ju ìyẹn lọ fíìfíì, tí emulator ò bá ka ìdún yẹn kó sì dúró, géèmù á kàn sáré bí ẹni tí kòkòrò ta.

6502 fúnra ẹ̀ tún ní àléébù tí wọ́n bí mọ́ ọn. JMP ($10FF), ìyẹn ni pé kó fò lọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí ojúlé 10FF, yẹ kó lọ mú ìdajì kejì àdírẹ́sì náà ní ojúlé tó tẹ̀ lé e, 1100, ṣùgbọ́n 6502 àkọ́kọ́ á yí padà sí 1000 ni. Emulator tó bá bá a tún un ṣe ti bà á jẹ́ nìyẹn, torí bí ṣíìpù ṣe ṣìṣe gan-an ló gbọ́dọ̀ ṣe ṣì í.