Ìpàgọ́ ewì láàárín ìṣẹ̀dá fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba tọ́

Ìpàgọ́ ewì láàárín ìṣẹ̀dá fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba tọ́ jẹ́ ètò ọlọ́jọ́ mélòó kan tí a ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò dàgbà lọ́wọ́ òbí tó bí wọn lọ sí ilé kan ní ìgbèríko, kí wọ́n lè kọ ewì pẹ̀lú àwọn akéwì tó mọṣẹ́, kí odò, igi, ẹyẹ, òkúta àti ojú ọjọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ nípa rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, nǹkan méjì ló pàdé tí irú ètò yìí fi wáyé: àṣà ilé ìkọ̀wé ìgbèríko, tó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1968, àti ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tí ìjọba tọ́.

Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1989 ló fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéélsì pé kí wọ́n gba ìtọ́jú ọmọ tí kò ní ẹni tó lè tọ́ ọ, tàbí èyí tí ilé ẹjọ́ rí i pé ewu ń bẹ fún un nínú ilé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, iye àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 80,000 láti ọdún 2020. Ọ̀dọ̀ òbí alágbàtọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn yòókù wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ tàbí lọ́dọ̀ ẹbí. Ní Skọ́tlándì, òfin ọdún 2014 fàyè gba ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 26, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ọ̀dọ́" nínú irú ètò yìí fi lè kan ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó sì tún kan ẹni tó ti ń sanwó ilé fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó gbà kàn wọ́n yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ kàwé ní Bìrìtéènì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́jú ọmọ, tí wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọ náà fún àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń sanwó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdéhùn láàárín òbí àti alágbàtọ́ ni èyí, kì í ṣe ìtọ́jú ìjọba. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, dàgbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Tilbury, ó sì sọ ìtàn náà nínú fíìmù rẹ̀, Farming, ní ọdún 2018. Akéwì Patience Agbabi, tí àwọn òbí tirẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dàgbà lọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun kan tó kó lọ sí Àríwá Wéélsì.

Àwọn akéwì méjì, John Fairfax àti John Moat, ló dá àjọ ìkọ̀wé Arvon sílẹ̀ ní ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó lọ sí ìgbèríko Devon. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ilé Totleigh Barton ní Devon yìí kan náà, àti Lumb Bank ní Yorkshire, ilé tó jẹ́ ti akéwì Ted Hughes tẹ́lẹ̀. Tŷ Newydd ṣílẹ̀kùn ní Wéélsì ní ọdún 1990, Moniack Mhor sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1993 lórí òkè kan nítòsí Inverness ní Skọ́tlándì. Bí ètò ṣe ń lọ nínú wọn jọra. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sábà máa ń dé, wọn a sì kúrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Akéwì méjì ni í kọ́ wọn, àlejò kan á sì wá ka iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní Lumb Bank, ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé náà wà, odò Colden Water ń ṣàn nísàlẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣọ àtijọ́ sì ti di àwókù láàárín igi. Níbi tó bá rí báyìí, olùkọ́ á ní kí oníkálukú wá ohun kan ṣoṣo, bóyá èèhù ara òkúta tàbí gbòǹgbò tó yọ sójú ọ̀nà, kí ó jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí, tí ó gbọ́, tí ó fọwọ́ kàn, tí ó gbóòórùn rẹ̀. Kò tíì sí àfiwé, kò sì tíì sí ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni. Lẹ́yìn èyí ni wọn a tún un kọ, bóyá kí nǹkan náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí kí gbogbo ẹgbẹ́ so ewì kan pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ìṣẹ̀dá fi ṣáájú ju pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára lọ. Iṣẹ́ àròkọ tí a sábà ń fún ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ máa ń béèrè ilé, ìyá, bàbá àti ìgbà èwe. Ọmọ tí ìjọba tọ́ sì ti sọ ìtàn yìí fún òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, fún adájọ́, fún olùkọ́ àti fún dókítà, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú fáìlì tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ìgbésí ayé akéwì Lemn Sissay fi bí fáìlì yìí ṣe wúwo tó hàn. Ọdún 1967 ni ìyá rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ láti Ẹtiópíà, bí i nítòsí Wigan. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí Norman, wọ́n gbé e fún òbí alágbàtọ́, àwọn yẹn sì dá a padà nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, ló bá ń ti ilé ìtọ́jú kan bọ́ sí òmíràn. Ọdún 2015 ni fáìlì rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń béèrè rẹ̀, ó sì lò ó nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, My Name Is Why, ní ọdún 2019. Ọdún 2015 yìí kan náà ló di Ọ̀gá Àgbà onípò ọlá ní Yunifásítì Manchester. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2023, Let the Light Pour In, kún fún ewì kúkúrú tó kọ ní ìdájí. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sí ohun tó jọ fáìlì níbẹ̀.

Èyí kò ní kí ìtàn ara ẹni má wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé ló yẹ kí ìlẹ̀kùn náà wà. Ẹyẹ kúkúù, tó máa ń ké lórí àwọn òkè yìí nígbà ìrúwé, a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn, onítọ̀hún a sì bá a tọ́ ọmọ náà títí yóò fi fò lọ. Olùkọ́ tó bá fi ẹyẹ yìí han ọmọ àgbàtọ́ pé ewì rẹ̀ rèé ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Bí ọ̀dọ́ náà bá fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ ẹyẹ tó bá a tọ́ ọmọ ni yóò wù ú láti kọ nípa rẹ̀.

Bí akópa kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí alágbàtọ́ tí wọ́n fún láṣẹ ló sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. A máa ń wádìí lọ́dọ̀ ìjọba bóyá àwọn olùkọ́ ti dáràn rí kí wọ́n tó bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́. Fọ́tò ṣòro jù, nítorí àwọn ẹlòmíràn wà tí kò gbọ́dọ̀ hàn síta ibi tí wọ́n ń gbé, àwọn bẹ́ẹ̀ a sì máa fi orúkọ ìnagijẹ tẹ ewì wọn nínú ìwé kékeré tí wọ́n ń kó jọ fún alẹ́ ìkẹyìn, nígbà tí oníkálukú bá ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè.

Àlébù tó hàn jù ni pé ọ̀sẹ̀ kan kúrú. Ọ̀dọ́ tó ti ń pààrọ̀ ilé látìgbà èwe tún ń kúrò níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lára, nítorí náà ni àwọn olùṣètò kan fi ń pe ìpàdé ìkọ̀wé ní ìlú lẹ́yìn ìpàgọ́. Owó ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ aláàánú àti àjọ iṣẹ́ ọnà ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ètò wọ̀nyí ró, tí èyí tó wáyé lọ́dún kan fi lè má wáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.