Kendall Square àti iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ oníyè ní Cambridge

Kendall Square jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Odò Charles ló pààlà láàárín rẹ̀ àti Boston. Ó wà lára àwọn ibi tí iléeṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ oníyè, ìyẹn àwọn tó ń lo ohun abẹ̀mí láti ṣe oògùn àti nǹkan mìíràn, ti pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Iléeṣẹ́ ọṣẹ àti súìtì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń kógbá wọlé, tí wọ́n sì ti ibùdó ìwádìí NASA pa ní 1970, ilẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì MIT.

Òfin 1977

Owó àwọn olùdókòòwò ni a sábà máa ń kà sí orísun ìdàgbàsókè yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ipa òfin kò kéré rárá. Ní 1976, Yunifásítì Harvard fẹ́ kọ́ yàrá ìwádìí kan fún iṣẹ́ DNA alásopọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé DNA (èròjà tó ń gbé àbùdá) lára ẹ̀dá kan, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ti bakitéríà, kí bakitéríà náà lè máa bí sí i tòun ti ohun tí wọ́n fi kún un. Wọ́n ń ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ á fi máa fẹ́ wọlé, tí ti inú kò ní gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí bakitéríà má bàa bọ́ síta. Méyọ̀ Alfred Vellucci pe ìpàdé gbangba, George Wald, onímọ̀ Harvard tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, takò iṣẹ́ náà, ìgbìmọ̀ ìlú sì dá iṣẹ́ náà dúró fúngbà díẹ̀. Àwọn ará ìlú ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún láti yẹ̀ wò. Sísítà ìjọ Àgùdà kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò epo kan wà lára wọn. Àbá wọn ni pé kí iṣẹ́ máa lọ, pẹ̀lú ìlànà ààbò tó le. Ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ di òfin ní oṣù kejì 1977.

Láti ìgbà náà, iléeṣẹ́ tó bá ń bọ̀ ní Cambridge ti mọ ohun tí ìlú máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ́lé. Iléeṣẹ́ oògùn Biogen, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Walter Gilbert àti Phillip Sharp wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1978, wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Ìdàgbàsókè lẹ́yìn náà

Ilé ìwádìí Whitehead dé ní 1982, Broad ní 2004. Iléeṣẹ́ oògùn Novartis sọ iléeṣẹ́ súìtì Necco di yàrá ìwádìí. Ní 2008, Gómìnà Deval Patrick fọwọ́ sí òfin tó ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ ìmọ̀ oníyè bẹ́ẹ̀ ní Massachusetts láàárín ọdún mẹ́wàá. Moderna, iléeṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Broad náà ti bá ACEGID, ibùdó ìwádìí jínómù àwọn àrùn tó ń ràn, ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti ka jínómù (gbogbo àbùdá) kòkòrò kòrónà tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2020.

Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ré kọjá odò Charles. Vertex, iléeṣẹ́ oògùn kan, kó lọ sí etíkun Boston ní 2014.