Tí ọ̀gá bá yí, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kọ́ńpánì ṣì ń dá àrà?

Tí iPhone tuntun bá ti jáde báyìí, ẹ lọ dúró níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù lójú Ọba Adésídà l'Ákùúrẹ́ níbí, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ, "Àtìgbà tí Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti kú, Apple ò ṣe nǹkan kan mọ́ jàre, kámẹ́rà lásán ni wọ́n ń pààrọ̀." Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ṣé ò ń rí owó tí wọ́n ń pa ni? Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Dídá àrà, ìyẹn ìmọ̀tuntun, ni kí kọ́ńpánì ṣe ohun tí ò sí tẹ́lẹ̀, àbí kó tún ohun tó ti wà ṣe débi pé báwọn èèyàn ṣe ń lò ó á yí padà. Àwọ̀ tuntun ò sí níbẹ̀ o. Owó náà ò lè fi í hàn, torí kọ́ńpánì lè máa jẹ iṣẹ́ àná fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko kòkó l'Óńdó, ẹ ṣáà mọ̀ pé ó tó bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí kòkó tó so, tí bàbá bá wá kú tí ọmọ sì ká kòkó lọ́dún kejì, ta lẹ máa kí kú iṣẹ́? Ọdún 2008, nígbà tí Jobs ṣì wà ńbẹ̀, ni Apple ra kọ́ńpánì kékeré kan tó ń ṣe chip (ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti fóònù), P.A. Semi, Tim Cook di ọ̀gá lẹ́yìn Jobs ní August 2011, ó wá di November 2020 kí chip tiwọn, M1, tó jáde tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ti kọ́ńpánì Intel kúrò nínú láptọ́ọ̀pù wọn. Àwọn méjèèjì ló ni ín. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìkejì ò jẹ́ kó kú, owó ìwádìí tó jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 dọ́là lọ́dún 2011 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 lọ́dún 2023.

Microsoft gan-an ló dùn jù. Gbogbo ayé ń yin Satya Nadella, tó gorí àga ní February 2014, torí Azure, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń yá àwọn kọ́ńpánì mìíì lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n 2010 ni wọ́n ti ṣí Azure fáwọn oníbàárà, Steve Ballmer, ọ̀gá tó ṣáájú Nadella, ló wà ńbẹ̀ nígbà yẹn. Ballmer yìí kan náà ló ní kí wọ́n ra iṣẹ́ fóònù Nokia, Nadella ló wá jókòó ti gbèsè ẹ̀, nígbà tó di 2015 wọ́n kọ bílíọ̀nù 7.6 dọ́là sílẹ̀ pé ó ti wọmi. Ire ni o, ibi ni o, ó bá gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ ni.

Torí ẹ̀, ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ọdún tó jáde. Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá tuntun fọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀ àtèyí tó nígboyà láti pa. Ti Cook, ẹ ka aago Apple Watch ti 2015 àti AirPods ti 2016, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kì sétí gbọ́ orin láìsí wáyà, mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì ka mọ́tò tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá ṣe tí wọ́n pa tì ní 2024 mọ́ ọn pẹ̀lú. Jobs náà ní tiẹ̀ o, kọ̀ǹpútà Power Mac G4 Cube ti ọdún 2000 ò tà, kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi dáwọ́ ẹ̀ dúró, àwa la kì í rántí.

Ọ̀nà mìíì tí mo fẹ́ràn láti fi wò ó ni pé, ta làwọn tó kù ń wò kọ? Ẹ wo etí àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tí wọ́n bá ń wọ kẹ̀kẹ́, tí nǹkan funfun kékeré tó nírù ń yọ níbẹ̀, ayédèrú ló pọ̀ jù, AirPods sì ni gbogbo wọn ń ṣe bíi pé àwọn jẹ́.